Hárúnà Ìṣọ̀lá: Ohùn Tó Gbé Ìjẹ̀bú-Igbó Dé Ibi Gbogbo

Lóṣù yìí, ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ sọ ìtàn ẹnì kan fún yín. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ wọ́n jù wá lọ, ẹ bá wa fara dà á. Àwa ọ̀dọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ẹ bi ọmọ ogún ọdún kan nítòsí yín pé ta ni Hárúnà Ìṣọ̀lá. Ọ̀pọ̀ á sọ pé bàbá Musiliu ni, bàbá ẹni tó kọ Ṣọyọyọ ní 2000. Irọ́ kọ́. Àmọ́ kéèyàn mọ bàbá nípasẹ̀ ọmọ nìkan, ìyẹn ò tó fún ìlú tí bàbá yẹn fi ṣe ilé, tó sì kọrin nípa ẹ̀ títí ayé fi mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

ÀWO ÀKỌ́KỌ́ TÍ KÒ TÀ

Hárúnà Ìṣọ̀lá Bello lorúkọ wọn. Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí ní 1919, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó nilé wọn, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n padà sí nígbà tówó dé, tólókìkí dé. Nígbà tí Bàbá ń dàgbà, àpàlà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni. Àwọn tó mọ ìtàn orin yìí sábà máa ń so ó mọ́ orin táwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ń jí èèyàn sí sààrì nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáànì. Orin òru ni, orin ẹsẹ̀ rírìn ni. Àwọn ọmọkùnrin á kó ìlù, wọ́n á kó agogo, wọ́n á máa ti ojúlé kan bọ́ sí òmíì. Nígbà tó yá, orin yẹn kúrò ní ti ààwẹ̀ nìkan, ó dé ibi ìgbéyàwó, ó dé ibi ìkómọ, ó dé ibi ìsìnkú àgbà. Ibẹ̀ ni Bàbá ti ríṣẹ́ ṣe.

Ní 1948, ilé-iṣẹ́ His Master's Voice, tí gbogbo ayé mọ̀ sí HMV, gba ohùn wọn sínú àwo fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Orin tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀, orin Orímolúsì ni, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ wo ibi tọ́kàn wọn wà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa láǹfààní láti bá gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sọ̀rọ̀, ọba ìlú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ.

Àmọ́ àwo náà kò tà.

Ẹ má tètè ka gbólóhùn yẹn kọjá. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló ni ẹ̀rọ, àwọn ló ni àwo, àwọn ló ń pinnu ẹni tí wọ́n máa pè padà. Ẹni tí àwo ẹ̀ ò bá tà, wọ́n á kàn gbàgbé ẹ̀ ni. Ká ní ọ̀kan nínú àwa ọ̀dọ́ òní ni, tá a gbé orin síta tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ó ṣeé ṣe ká ti wáṣẹ́ míì lọ. Bàbá ò wáṣẹ́ míì. Ojú ọ̀nà ni wọ́n gbà lọ. Láti òde ìnáwó kan dé òmíì, wọ́n kọrin, wọ́n kí èèyàn, wọ́n jókòó pẹ̀lú onílù wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Díẹ̀díẹ̀, ó di pé ẹni tó bá lówó lọ́wọ́, tó fẹ́ ṣe òde tó gbayì, tí Hárúnà ò bá sí níbẹ̀, ojú òde yẹn ò tíì pé.

Ní 1955, lẹ́yìn tí Ọba Adéboyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó, ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú, Bàbá padà sídìí orin àkọ́kọ́ yẹn. Wọ́n tún un kọ, wọ́n tún un gbà sínú àwo. Lọ́tẹ̀ yìí, etí là sí i. Ọ̀fọ̀ tó ṣẹ ìlú wà nínú ẹ̀, ìyẹn ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àmọ́ lójú tèmi, ọdún méje tí wọ́n fi rìn kiri òde yẹn náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àwo kejì fi máa jáde, ohùn yẹn kì í ṣe ti àjèjì mọ́ létí àwọn tó máa rà á.

Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíì láyé. Ní Amẹ́ríkà, bàbá aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń jẹ́ Mississippi John Hurt, àgbẹ̀ ni, gítà lásán tí ò lo iná ló fi ń kọrin blues tìlú wọn. Ní 1928, ilé-iṣẹ́ Okeh gba orin ẹ̀ sínú àwo. Kò tà. Ó padà sí oko ẹ̀ ní abúlé Avalon, kò sì sẹ́ni tó tún bèèrè ẹ̀ títí di 1963, táwọn kan tó gbọ́ orúkọ abúlé yẹn nínú orin ẹ̀ fi wá a débẹ̀. Ọdún márùndínlógójì! Nígbà tí òkìkí dé, ó ku ọdún mẹ́ta péré kó jáde láyé. Tẹ́ ẹ bá fi ìtàn yẹn wé ti Bàbá wa, ẹ óò rí ohun tí òde ìnáwó Yorùbá ṣe fún wọn. Ilé-iṣẹ́ àwo kọ̀ wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa ò kọ̀ wọ́n. Òde ló bọ́ wọn, òde ló kọ́ wọn, òde ló gbé wọn padà sí ojú àwo.

BÍ ORIN WỌN ṢE RÍ

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò gbọ́ ọ rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí Bàbá ń gòkè, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ orin míì ń fọn fèrè òyìnbó nínú háíláìfù, àwọn onijùjú ń ta gítà, I. K. Dairo gbé àkọ́díọ̀nù wọlé. Bàbá ò mú ìkankan nínú ẹ̀. Ohun èlò ilẹ̀ wa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi parí. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà, akúbà wà, agogo wà, àwọn ẹlẹ́gbè sì wà lẹ́yìn.

Agídìgbo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí dáadáa. Àpótí pákó ni, wọ́n kan irin pẹlẹbẹ bíi mélòó kan mọ́ ojú ẹ̀, ẹni tó ń lù ú á máa fi ìka tẹ irin yẹn kó lè dún. Ohùn ẹ̀ wúwo, ó máa ń ti ìsàlẹ̀ wá. Òun ló di gbogbo orin mú. Tí ìlù bá ń fò, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń pariwo, agídìgbo á dúró sójú kan bí òpó ilé. Ẹ tún gbọ́ àwo Bàbá kan lónìí, kẹ́ ẹ wá a nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i báyìí, ẹ ò ní lè gbàgbé ẹ̀ mọ́.

Bàbá fúnra wọn kì í fò káàkiri. Ìjókòó ni wọ́n ti ń kọrin, bí àgbà tó jókòó láàárín ẹbí tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohùn wọn lọ sílẹ̀, kò kánjú. Wọ́n á sọ gbólóhùn kan, ìlù á dá wọn lóhùn, ẹlẹ́gbè á gbè é, wọ́n á tún bọ́ sí òmíì. Torí pé èdè wa lóhùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ìlù yẹn kì í kàn ń dún lásán, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa, olórin méjì ló ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń fẹnu sọ, èkejì ń fi awọ sọ.

Òwe ló kún inú ọ̀rọ̀ wọn, oríkì ni, àdúrà ni, èdè Lárúbáwá ilé kéwú náà sì ń yọjú níbẹ̀. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lórí ìdúpẹ́ fún Ọlọ́run, kí wọ́n bọ́ sórí ìwà ọmọ èèyàn, kí wọ́n wá parí ẹ̀ sórí ẹni tó pè wọ́n sóde. Àwọn èèyàn tiẹ̀ máa ń bẹ̀rù ẹnu wọn. Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà ni pé ohun tí Hárúnà bá fi orin wí fún ọ̀tá kì í lọ lásán. Bóyá ẹ gba irú ẹ̀ gbọ́ tàbí ẹ ò gbà á, ẹ ti rí bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe wúwo tó létí àwọn tó ń gbọ́ wọn.

Kì í ṣe àwọn nìkan ló kọ àpàlà o. Ligali Mukaiba wà ní Ẹ̀pẹ́, tí ò jìnnà sáwọn ará etí omi wa. Àyìnlá Ọmọwúrà wà ní Abẹ́òkúta, tí ìlù tiẹ̀ yá ju ti Bàbá lọ, tọ́rọ̀ ẹ̀ sì gbóná bí ọ̀rọ̀ ìgboro, títí tí wọ́n fi pa á ní 1980. Oníkálukú ló ní ọ̀nà tiẹ̀. Ti Bàbá wa ni ìfarabalẹ̀. Wọn kì í lé èèyàn kiri, wọ́n á jẹ́ kéèyàn fúnra ẹ̀ sún mọ́ wọn. Abájọ tí orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n, Bàbá Ngani Àgbà, fi bá wọn mu. Kódà nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ohùn àgbà ni wọ́n fi kọrin.

ORÚKỌ ÀWỌN BÀBÁ BÀBÁ WA

Nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀, àwo ìgbà yẹn kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Ẹni tó ti kọrin láti alẹ́ mọ́jú ní òde, wọ́n á ní kó kó gbogbo ẹ̀ sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta! Ó gba ọgbọ́n. Ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa yọ kúrò. Mo rò pé ibẹ̀ ni Bàbá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ṣókí tó kún. Nígbà tí àwo ńlá dé, tí ojú kan lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú, àyè wá gba àpàlà bó ṣe máa ń rí lóde gan-an. Orin kan lè wọnú òmíì láìdúró, orúkọ èèyàn bíi mẹ́fà, méje sì lè wà lójú àwo kan.

Irú àwo ńlá bẹ́ẹ̀ ni Òròkí Social Club tó jáde ní 1971 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Decca. Ẹ mọ̀ pé Òròkí ni wọ́n ń ki Òṣogbo. Ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ ibẹ̀ ni Bàbá fi àwo yẹn yẹ́ sí, àwọn tó jẹ́ pé tí Bàbá bá lọ ṣeré fún wọn, ó lè gba wákàtí mẹ́rin, ó lè tó mẹ́wàá. Àwọn tó ń kọ ìtàn Bàbá sábà máa ń sọ pé àwo náà tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ẹ ronú sí i: ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí kò lo gítà, tí kò lo fèrè, tó kọrin ní Yorùbá ìjìnlẹ̀, nípa ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo.

Àwọn kan máa ń fi irú orin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé orin olówó ni, pé ẹni tó bá náwó ni wọ́n ń kì. Kì í ṣe pé owó ò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ni, olórin gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí iṣẹ́ yẹn bí fún wa. Ta ni wọ́n ń kì nínú àwọn àwo yẹn? Oníṣòwò ni, awakọ̀ ni, àgbẹ̀ kòkó ni, ìyálọ́jà ni, àwọn tí ìwé ìtàn ìjọba ò ní kọ orúkọ wọn láé. Bàbá á dárúkọ ẹni yẹn, á dárúkọ bàbá ẹ̀, á dárúkọ ọmọ ẹ̀, á sọ ilé tó ti wá. Nínú ẹbí tí ẹni tó mọ oríkì ti kú tán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú àwo kan ṣoṣo tí eruku bò ní yàrá ẹ̀yìn loríkì yẹn ṣì wà.

ẸNI TÓ NI ÀWO LÓ NI OWÓ

Ibi tó yẹ káwa ọ̀dọ́ fọkàn sí jù rè é. Bàbá ti rí i ní 1948 bó ṣe ń rí kí ẹlòmíì ní agbára lórí iṣẹ́ èèyàn. Nítorí náà, ní 1969, àwọn àti I. K. Dairo pawọ́ pọ̀, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, STAR Records. Ẹ wò ó dáadáa: Dairo, oníjùjú, Kristẹni, tó ti gba oyè MBE lọ́wọ́ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, Hárúnà, alápàlà, Mùsùlùmí. Orin wọn ò jọra, ẹ̀sìn wọn ò jọra, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ìṣòro kan náà ló ń bá wọn fínra. Ìkan lára àwọn ilé-iṣẹ́ àwo àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó jẹ́ pé àwọn olórin fúnra wọn ló ni ín nìyẹn. Ẹ rántí pé lọ́pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, àwọn tó kọ blues láyé àtijọ́ gba owó díẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọrin, ilé-iṣẹ́ ló kó ìyókù lọ títí wọ́n fi kú.

Wọn ò dúró síbẹ̀. Owó dé, òkìkí dé, wọ́n ṣeré dé orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dé Faransé, Jámánì, Ítálì àti Sweden. Ẹni tó rí gbogbo ìyẹn lè sọ pé Èkó lòun máa kọ́lé-iṣẹ́ sí. Èkó nílé-iṣẹ́ àwo wà, Èkó ni rédíò wà, Èkó lowó wà. Àmọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Bàbá gbé sítúdíò Phonodisk wá. Kì í ṣe sítúdíò kékeré o. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lè gba ohùn mẹ́rìnlélógún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó wá pò wọ́n pọ̀. Ìyẹn ni pé èèyàn lè gbé ohùn agídìgbo nìkan sókè, kó rẹ ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, láìfọwọ́ kan ohùn olórin. Nígbà yẹn, ibi tó nírú ẹ̀ ní Nàìjíríà ò pọ̀. Ìlú wa ní in.

Mo fẹ́ kẹ́yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi ro ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ẹgbẹ́ wa, gbogbo ìgbà la máa ń sọ pé ká mú nǹkan bọ̀ wálé. A máa ń sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, a máa ń sọ ti omi, a máa ń sọ ti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ fọ́mọ iléèwé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá mú bọ̀ wálé, ilé-iṣẹ́ tí àlejò máa wá bá nílùú wa ni. Olórin tó bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ á wọkọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó, á sùn níbẹ̀, á jẹun níbẹ̀, á náwó níbẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí ká kàn fi owó ránṣẹ́.

OHUN TÓ KÙ FÚN WA

Nígbà tí Alhaji Shehu Shagari jẹ́ ààrẹ, ìjọba àpapọ̀ fi oyè MON dá Bàbá lọ́lá. Ní 1983, wọ́n jáde láyé. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n lò. Fújì ti gba ìgboro nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ olórin sì ti kó iná mànàmáná wọnú orin wọn. Ọ̀pọ̀ rò pé àpàlà ti bá Bàbá lọ nìyẹn. Musiliu, ọmọ wọn, ló fi hàn pé kò lọ. Nígbà tí Ṣọyọyọ jáde ní 2000, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí Bàbá kú jó o ní gbogbo òde.

Bàbá nìkan kọ́ lìlú wa fi ṣe yangàn nínú orin o. Alhaja Bátílì Àlàkẹ́ tó gbé orin wákà níyì, tó kú ní 2013, tiwa ni wọ́n náà. Tá a bá jókòó tá a kà wọ́n, a ó rí i pé kì í ṣe ìlú kékeré nínú ìtàn orin Yorùbá ni tiwa.

Torí náà, ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀ yín fún rè é, kò sì ná yín lówó. Àkọ́kọ́, ẹ wo yàrá ẹ̀yìn, ẹ wo abẹ́ ibùsùn, ẹ wo àpótí bàbá yín. Tẹ́ ẹ bá rí àwo níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù, ẹ má sì tò wọ́n lélẹ̀ pẹlẹbẹ lórí ara wọn. Ẹ gbé wọn dúró lóòró níbi tí oòrùn ò ti pa wọ́n, torí oòrùn máa ń ká àwo bí ewé gbígbẹ. Ìkejì, ẹ ya fọ́tò ojú àwo náà níbi tí orúkọ àti nọ́ńbà wà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí ẹgbẹ́ wa. Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù: tẹ́ ẹ bá ní àgbà nílé tó lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ fi orin Bàbá sí i lórí fóònù, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń dárúkọ yìí, ilé wo ni wọ́n ti wá, kí ni wọ́n ń ṣe. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lápò yín yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi dọ̀la o. Àwo lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún tá a bá tọ́jú ẹ̀. Àgbà tó mọ orúkọ tó wà nínú ẹ̀ kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni ìkẹyìn tó mọ̀ wọ́n bá lọ, orin náà á ṣì dùn, ṣùgbọ́n àwọn bàbá bàbá wa tó wà nínú ẹ̀ á ti di àjèjì sí wa.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá Hárúnà Ìṣọ̀lá sí afẹ́fẹ́ rere. Kó jẹ́ kí Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti gbogbo etí omi wa máa gbòòrò sí i. Àṣẹ. Fọ́tò àwo la ń retí o, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dúró pẹ́.

Olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́